Príńtà tí kò rí Wi-Fi: ẹ má tíì ra káàdì

Ẹ ní láti ìgbà tí ẹ ti gbé ráútà 5G tuntun wọlé ni príńtà yín kò ti rí Wi-Fi mọ́, bẹ́ẹ̀ gbogbo fóònù inú ilé ń lò ó geere, àti pé ẹni tó ń bá yín tún un ṣe ti ní káàdì Wi-Fi inú ẹ̀ ló jó. Ẹ dákun, ẹ má tíì fún un lówó. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn nígbà tí mo gbé tèmi láti Àkọkà lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, kò sì sí nǹkan kan tó jó níbẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ọmọ Unilag ni mo máa ń tẹ̀ nílé. Ẹ sì mọ bí ọmọ tó fẹ́ fi project sílẹ̀ lọ́la ṣe máa ń dúró tini lọ́rùn.

Ẹ kọ́kọ́ dán káàdì yẹn wò kí ẹnikẹ́ni tó tú u. Ẹ tan hotspot fóònù yín. Tó bá jẹ́ Android, ẹ wọ inú settings hotspot náà, ẹ yan 2.4 GHz níbi tí wọ́n kọ Band sí. Tó bá jẹ́ iPhone, ẹ tan Maximize Compatibility. Ẹ wá so príńtà mọ́ ọn. Bó bá ti rí orúkọ fóònù yín tó sì wọlé, ara káàdì le koko. Ráútà ni ká lọ bá rojọ́.

Ọ̀pọ̀ príńtà ilé, pàápàá àwọn tí owó wọn ò ga, ìgbì 2.4 GHz nìkan ni wọ́n mọ̀. Ráútà tuntun sì ń gbé méjì jáde, 2.4 GHz àti 5 GHz. Fóònù mọ méjèèjì, ìdí nìyẹn tí kò fi yọ ọ́ lẹ́nu. Tó bá jẹ́ orúkọ tó ní 5G nídìí lẹ ń wá, príńtà yẹn ò ní rí i láéláé, bí ẹ tiẹ̀ gbé e lé ráútà lórí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á rú mọ́ yín lójú: 5G tí síìmù ń gbà wọlé látọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù yàtọ̀ sí 5 GHz tí Wi-Fi fi ń rìn láàrin pálọ̀ àti yàrá. Ráútà 5G lè fún príńtà ní 2.4 láìsí ìjà.

Lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ráútà, ẹ ó rí nọ́ńbà tí ẹ ó tẹ̀ sí búráúsà, 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 ló sábà máa ń jẹ́, àti pásíwọ́ọ̀dù. Ẹ wọlé, ẹ lọ síbi WLAN, ìyẹn ibi ètò Wi-Fi. Bí wọ́n bá ti pa ìgbì méjèèjì pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, ẹ yà wọ́n, ẹ fún 2.4 lórúkọ tirẹ̀. Kí ẹ tó jáde níbẹ̀, ẹ wo Security: bó bá jẹ́ WPA3 nìkan, ìyẹn ọ̀nà ààbò Wi-Fi tuntun, ẹ dá a padà sí WPA2 tó ṣáájú rẹ̀, tàbí èyí tó pa méjèèjì pọ̀. Ọdún 2018 ni WPA3 jáde, príńtà tó ti wà ṣáájú ìgbà yẹn kì í sábà mọ̀ ọ́n. Ẹ má so príńtà mọ́ Guest Wi-Fi, ìyẹn Wi-Fi àlejò o, torí ìyẹn máa ń ya àwọn tó wà lórí ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ iná ló wá kù, òun ló sì fìyà jẹ mí jù. NEPA á mú iná lọ, á dá a padà, á tún mú un lọ. Gbogbo ìgbà tí ráútà bá kú tó tún jí, ó lè pín àdírẹ́sì mìíràn, ìyẹn IP Address, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń rí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lórí Wi-Fi. Príńtà tó jẹ́ 192.168.1.5 láàárọ̀ lè di 192.168.1.9 lálẹ́. Láptọ́ọ̀pù ò gbọ́. Ibi àtijọ́ ló ṣì ń ránṣẹ́ sí, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé tí ayálégbé ti kó kúrò. Ẹ ó kàn máa rí "offline" ni, bẹ́ẹ̀ iná búlúù Wi-Fi tó wà lára príńtà dúró ṣánṣán, kò ṣẹ́jú.

Ẹ jẹ́ kí príńtà tẹ ojú ìwé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ jáde, ó wà nínú menu rẹ̀. Ẹ wo iwájú IP Address. Bó bá fi 169.254 bẹ̀rẹ̀, ráútà ò fún un ní nǹkan kan, òun ló sọ ara ẹ̀ lórúkọ. Ẹ pa príńtà, ẹ jẹ́ kí ráútà kọ́kọ́ jí tán, kí ẹ tó tan príńtà. Bó bá jẹ́ 192.168 tó yàtọ̀ sí èyí tí láptọ́ọ̀pù fi pamọ́ fún príńtà, ẹ mú MAC Address, nọ́ńbà ìdánimọ̀ príńtà fúnra ẹ̀, tó wà lórí ìwé yẹn, ẹ lọ sínú ráútà níbi Address Reservation, ẹ de nọ́ńbà kan mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, nínú Windows, ẹ ṣí Printer properties, ẹ lọ sí Ports, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí WSD, níbi tí Windows ti ń wá príńtà fúnra ẹ̀, ẹ fi Standard TCP/IP Port, tó ń lọ tààrà sí nọ́ńbà tí ẹ bá fún un, sí i pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn. Láti ìgbà tí mo ti ṣe é, iná ń lọ, iná ń bọ̀, "offline" ò tún yọjú sí mi.

Dátà tó tán ò sì ní dá títẹ̀ láti láptọ́ọ̀pù dúró, Wi-Fi ráútà nìkan ló nílò. Ẹ lè fi UPS kékeré, báàtìrì tó ń gbé iná dúró bí NEPA bá mú un lọ, sídìí ráútà kó má baà máa kú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ laser ni príńtà yín, ẹ má so ó mọ́ UPS náà: iná tó ń fà nígbà tó bá ń gbóná pọ̀ jù fún un.