Ẹ Fi Ajá Sílẹ̀ Ná, Ọmọ Ńkọ́?

Ìyá Ìbejì láti Àkóbọ̀ n'Ìbàdàn ló kọ̀wé. Bíńgò, ajá wọn, bẹ́ jáde nígbà tí wọ́n ṣí géètì fún mọ́tò lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọn ò sì rí i mọ́. Bàbá Ìbejì ti lẹ̀ fọ́tò rẹ̀ mọ́ òpó iná títí dé Baṣọ̀run, wọ́n ti kéde 50,000 náírà fún ẹni tó bá mú un wá, àwọn ìbejì ò sì jẹun kánú mọ́. Ohun méjì ni wọ́n bi mí: ṣé kí àwọn sọ owó náà di 100,000, àbí kí àwọn gbé 40,000 fún wòlíì tó lóun á fi àdúrà pe ajá náà wálé?

Ìyá Ìbejì, ẹ má fún wòlíì kankan ní kọ́bọ̀. Ẹ má sì fi kún owó ẹ̀bùn, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n máa wọ́ gbogbo ajá pupa ìlú Ìbàdàn wá sẹ́nu géètì yín. Ìyẹn parí.

Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ọmọ tí wọ́n bá wa mú wá láti Ṣakí ló máa ń fún un lóńjẹ, ṣùgbọ́n a ti dá a padà lọ́jọ́ Ẹtì nítorí ọ̀rọ̀ ẹran." Gbólóhùn kan péré. Lẹ́yìn náà lẹ padà sórí ìrù Bíńgò àti funfun tó wà láyà rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì lẹ lé ọmọ lọ. Ọjọ́ Àìkú lajá sá. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ ò so ó pọ̀?

Mo mọ̀ pé àwọn aládùúgbò á ti pa á lówe fún yín pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ta wá ni ọdẹ Bíńgò nínú ilé yín? Ta ló ń tẹ ẹ̀bà rẹ̀, ta ló ń kó ìgbẹ́ rẹ̀, ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé nígbà tí ẹ̀yin wà nídìí tẹlifíṣọ̀n? Ẹ gbé ẹni tó ń fun fèrè sọ sínú mọ́tò Ṣakí, ẹ wá kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ajá ò moore. Ajá ò mọ ẹni tó sanwó òun o. Ẹni tó ń gbé abọ́ wá ló mọ̀.

Ẹ ò sọ ọjọ́ orí ọmọ náà. Àmọ́ ẹ ní aṣọ tó ti kéré mọ́ àwọn ìbejì ló ń wọ̀, àwọn ìbejì sì wà ní JSS 2. Ọmọ ọdún 11 nìyẹn, àbí 12? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ti kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé tí kì í ṣe ti ẹbí rẹ̀. Ẹ máa ní gbogbo àdúgbò ló ń ṣe é. Mo mọ̀, wọ́n ń kọ̀wé sí mi. Góòlù sọnù, owó sọnù, fóònù sọnù, ọmọ ọ̀dọ̀ á sì rọra kọjá láàárín gbólóhùn bí ẹni tó ń gbé omi kọjá ní pálọ̀ níṣojú àlejò. Orúkọ ajá kún inú lẹ́tà yín bámúbámú. Ẹ ò dárúkọ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹran mélòó lẹ tìtorí rẹ̀ lé e, ẹ̀yin tí ẹ ní 50,000 fún ajá? Ta ló mú un dé gáréèjì? Ìbàdàn sí Ṣakí kì í ṣe Àkóbọ̀ sí Bódìjà. Kí mọ́tò tó gba Ìsẹ́yìn kọjá, ilẹ̀ lè ti ṣú. Ṣé ẹnì kan nínú ilé yín ti béèrè bóyá ó délé? Nínú lẹ́tà olójú ewé mẹ́rin, mi ò rí i.

Nítorí àwọn ìbejì ni mo ṣe máa sọ ti ajá. Ajá tí ẹ̀rù ń bà máa ń sá pamọ́ lọ́sàn-án, sínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí, sábẹ́ mọ́tò tó ti bàjẹ́, á wá máa rìn lóru. Torí náà ẹ yé pariwo orúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú èrò rẹpẹtẹ lẹ́yìn. Ẹ ń lé e jìnnà ni. Ìdájí ni kí ẹ máa jáde, ẹni méjì péré. Ẹ gbé abọ́ rẹ̀ àti àpò tó ń sùn lé síta géètì, ẹ má fọ̀ ọ́, torí òórùn ló fi ń mọ̀nà. Ẹ mú fọ́tò rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, kí ẹ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ajá fún àwọn tó ń bọ Ògún, bó ti wù kó dùn yín tó. Bí ẹ bá rí i, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ dì mọ́ ọn kí dókítà ẹranko tó yẹ̀ ẹ́ wò, torí ẹ ò kọ ìgbà tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kẹ́yìn. Bó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí dìgbòlugi bá ti hàn lára èèyàn, pípa ló ń pani.

Ohùn tó lè mú Bíńgò jáde, Ṣakí ló wà. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ lọ mú ọmọ ọlọ́mọ padà wá torí kó lè wá pe ajá. Ẹ gba nọ́ńbà ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin tó mú un wá, lónìí. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ọmọ náà délé. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀bẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá bú yín, ẹ gbà á mọ́ra. Bí ọkàn wọn bá wá rọ̀, tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ sì fẹ́, ó lè fi WhatsApp sọ ohun tó máa ń sọ fún ajá yẹn bó bá ń gbé oúnjẹ bọ̀, kí ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè lẹ́nu géètì nídàájí.

Ẹ tún bi ìyá yẹn bóyá owó oṣù tí ẹ ń kó fún obìnrin tó mú ọmọ wá ń dé ọwọ́ òun. Bí kò bá dé ọwọ́ rẹ̀, 50,000 ṣáà ti wà nílẹ̀.