Ọ́síjìn Kò Tán Lókè Jungfraujoch: Ẹ Fi Blood Tonic Sílẹ̀

Ìbéèrè

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. London ni mò ń gbé. Àbúrò mi obìnrin wà ní Zürich ní Switzerland, ó sì fẹ́ kí èmi àti màmá wa, tí wọ́n ti Èkó wá kí mi, wá kí òun lóṣù Kẹjọ. Ó ti ṣètò pé ọjọ́ kan a ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Interlaken, a ó bọ́ sínú ọkọ̀ orí wáyà ní Grindelwald, a ó sì gòkè dé Jungfraujoch, níbi tí yìnyín kì í tán lọ́dún. Ẹni ọdún 67 ni Màmá, wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, AS sì ni genotype wọn. Ẹnì kan tó ń ta àgbo nínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa ní kò sí ọ́síjìn rárá lókè yẹn, pé kí Màmá mu blood tonic òun fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè nípọn. Ó tún ní ká ra agolo ọ́síjìn dání. Ṣé ká rà wọ́n? Irú kóòtù wo ni ká sì gbé lọ?

Ìdáhùn

Ọ̀rọ̀ kóòtù, ẹ bi àbúrò yín, òun ló ń gbé nínú òtútù. Ti blood tonic ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí ìkẹrin irú lẹ́tà yìí nìyí tó máa kàn mí lọ́dún yìí, inú sì ti ń bí mi.

Ẹ má rà á. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ lè sọ ọ́ fún àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ yín.

Irọ́ ni pé kò sí ọ́síjìn lókè. Ẹ bu afẹ́fẹ́ ní Ọjà Ọba n'Ìbàdàn, ẹ bu òmíràn ní Jungfraujoch, kí ẹ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 100: ọ́síjìn á kó nǹkan bí 21 nínú méjèèjì. Ohun tó yí padà ni bí afẹ́fẹ́ ṣe kì tó. Bí wọ́n bá to àpò gàrí léra wọn, ti ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa ń kì jù, torí gbogbo ẹrù tó wà lórí ló ń tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́. Àwa tí a wà nísàlẹ̀ ń gbé lábẹ́ gbogbo àpò náà. Bí ẹ bá ti ń gòkè, àpò tó wà lórí yín ń dín kù, afẹ́fẹ́ á sì máa fúyẹ́. Ní Jungfraujoch, tó fi 3,454 mítà ga ju òkun lọ, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹni kù sí nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti Èkó. Agbára títẹ̀ yẹn gan-an ló ń ti ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ará Faransé kan, Paul Bert, ti fìdí èyí múlẹ̀ láti ọdún 1878, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jiyàn lé.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ mu omi inú ike kan kù sí ìdajì nígbà tí ẹ bá wà lókè, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ sọ ọ́ sínú báàgì. Bí ẹ bá padà dé Interlaken, ẹ mú un jáde. Á ti rún wọnú bí ẹni pé ẹnì kan jókòó lé e. Kò sẹ́ni tó jókòó lé e. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ tí ẹ dé mọ́ inú rẹ̀ lókè ni kò lágbára tó láti dúró lójú afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀. Bákan náà, bí ẹ bá gbé ṣinṣín tí wọ́n dì sínú ọ̀rá gòkè, ọ̀rá yẹn á wú bíi bọ́ọ̀lù.

Ó wá ku ẹ̀jẹ̀. Ẹ fojú inú wo gáráàjì. Ẹ̀jẹ̀ pupa ni dáńfó, ọ́síjìn ni èrò. Nílẹ̀ẹ́lẹ̀, èrò ń ti ara wọn wọlé tó bẹ́ẹ̀ tí nínú 100 ìjókòó, 97 tàbí 98 ló máa ń kún kí mọ́tò tó gbéra. Lókè yẹn, èrò kò tira wọn mọ́, mọ́tò á sì gbéra pẹ̀lú ìjókòó tó ṣófo. Mo ti gòkè náà rí, mo sì mú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka lọ́wọ́, èyí tó ń ka iye ìjókòó tó kún nínú 100. Ní Interlaken, ó kà 98. Lókè, nígbà tí mo jókòó jẹ́ẹ́, ó kà 89. Àwọn ọmọ wá pè mí pé kí n yára wá ya fọ́tò, mo sì sáré gun àtẹ̀gùn kan tí kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ó di 83, ọkàn mi ń lù kìkì bí ìlù gángan, mo sì di irin mú bí arúgbó. N kò ṣàìsàn o. Ara ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí oníblood tonic yín ń sọ ni pé òun máa ra dáńfó kún dáńfó. Inú mùdùnmúdùn egungun la ti ń ṣe wọ́n, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tó ń gbé orí òkè gíga ń ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbígbé ibẹ̀ ló fún wọn, ìgò kọ́. Irin tó wà nínú tonic kò wúlò fún ẹni tí irin kò wọ́n lára rẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ Màmá kò tó, ìyẹn yàtọ̀, kí dókítà wọn wá ohun tó jẹ ẹ̀jẹ̀ náà kí ó sì tọ́jú rẹ̀ kí ìrìn àjò tó yá. Ta ló tiẹ̀ sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ tó nípọn dára fún arúgbó tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, nínú kíndìnrín ẹni ọdún 67! Ẹ jọ̀ọ́.

Ti agolo ọ́síjìn kò gba àlàyé gígùn. Ènìyàn tó jókòó ń mí nǹkan bí lítà 6 sí 8 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ka iye lítà tí wọ́n kọ sára agolo, kí ẹ pín in. Kí ẹ tó ya fọ́tò méjì, ó ti tán. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú kò sì ní jẹ́ kí ẹ gbé e wọlé.

Kí ló wá ń ṣiṣẹ́? Ìfarabalẹ̀ ni. Kí wọ́n tó la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin náà, wọ́n bi ara wọn ní ìbéèrè yín gẹ́lẹ́: ṣé a lè gbé ènìyàn láti ìsàlẹ̀ lọ sí ibi gíga báyìí láàárín wákàtí díẹ̀ kó má kú? Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Bern, Hugo Kronecker, kó ènìyàn méje jọ ní 1894, àti ọmọdé àti arúgbó, ó ní kí wọ́n gbé wọn lórí àga láti ìlú Zermatt lọ sí orí òkè Breithorn, ní nǹkan bí 3,750 mítà. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá jókòó, ara wọn balẹ̀. Bí wọ́n bá rìn díẹ̀, èémí á gun, ọkàn á máa sáré. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀nà irin náà ní 1896, ọkọ̀ sì dé òkè ní 1912. Láti ìgbà náà, àwọn arúgbó ti ń gòkè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí fọ́tò, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun alẹ́.

Màmá yín náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ rí, ẹ kàn ò mọ̀ ni. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ òfurufú tó gbé wọn láti Èkó lè fúyẹ́ tó ti òkè tó ga ní 2,400 mítà, wọ́n sì jókòó sínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà. Jungfraujoch fi ẹgbẹ̀rún mítà ju ìyẹn lọ, n kò ní pè é ní eré. Kíákíá náà ni wọ́n ń gbéni dé ibẹ̀: 567 mítà ni Interlaken wà, ọkọ̀ orí wáyà tí wọ́n ń pè ní Eiger Express, tí wọ́n ṣí ní 2020, á sì gbé yín láti 943 mítà ní Grindelwald dé 2,328 ní ìṣẹ́jú 15 péré. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gba inú òkè Eiger kọjá. Kí ẹ máa dá itọ́ mì nínú ọkọ̀ orí wáyà yẹn, torí etí. Orí fífọ́ àti èébì tó ń bá àwọn tó gun òkè gíga sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà sí méjìlá. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ kan fi rọrùn, torí ẹ ó ti sọ̀ kalẹ̀ kó tó dé. Wákàtí méjì tó yín lókè.

Èyí tó yẹ kí ẹ béèrè, tí ẹ kàn sọ kọjá bí ẹni ń sọ orúkọ àdúgbò, ni AS.

A ti máa ń sọ ọ́ nílé pé "AS ni, kò sí nǹkan." Nílẹ̀ẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ́síjìn kò ti kún ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ AS náà lè tẹ̀ bíi dòjé, ibi tó sì fẹ́ràn láti dí ni spleen, ẹ̀yà ara rírọ̀ tó fara pamọ́ sábẹ́ egungun ìhà òsì. Ó ṣọ̀wọ́n o. Ọ̀pọ̀ AS ló ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láìsí nǹkan kan. Àwọn dókítà ṣáà ti rí i léraléra lára ẹni AS tó gun òkè gíga, pàápàá ẹni tó bá ṣe wàhálà lókè, tí omi sì gbẹ lára rẹ̀. Nítorí náà, kí Màmá mu omi kí wọ́n tó gbéra àti nígbà tí wọ́n bá wà lókè, kí wọ́n fi ọtí sílẹ̀, kí wọ́n wọṣọ tó móoru (òtútù òkè á fi nǹkan bí ìwọ̀n 19 ju ti Interlaken lọ), kí wọ́n sì máa rìn bí ìyàwó tuntun. Ẹ̀rọ agbéniròkè ló ń gbéni dé ibi ìwòran Sphinx, kò sí àtẹ̀gùn tí wọ́n gbọ́dọ̀ bá jà. Bí àbúrò yín bá ní ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn lórí yìnyín lọ sí ilé àwọn tó ń gun òkè Mönch, òun nìkan ni kó lọ.

Ẹlòmíràn kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá pé SC ni ọmọ òun, ṣé wọ́n lè lọ. Èmi ò ní gbà á láyè. SS àti SC jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde gan-an, spleen ẹni SC sì sábà máa ń wà lára rẹ̀ dàgbà, ìyẹn ló ń fi í sínú ewu lókè gíga. Kí wọ́n bá dókítà ẹ̀jẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Ìrìn àjò tó dùn wà nísàlẹ̀ náà: ọkọ̀ ojú irin dé Wengen, ọkọ̀ orí wáyà dé Männlichen, kò tó 2,350 mítà, Eiger sì dúró gbàgàdà níwájú yín. Kódà ti ibẹ̀ pàápàá, dókítà rẹ̀ ni kó fọwọ́ sí i.

N kò tíì fojú kan màmá yín, n kò gbọ́ bí ọkàn wọn ṣe ń lù, nítorí náà ẹ má mú èyí dípò àyẹ̀wò. Kí wọ́n lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lọ́sẹ̀ tí ẹ ó gbéra. Bí ó bá ń ga ju bó ṣe yẹ lọ, bí àyà bá ń dùn wọ́n, bí wọ́n bá ń mí gúlegúle lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé, kí wọ́n dúró ní ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n má ṣe fo oògùn wọn rárá, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà. Bí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni wọ́n ń lò, ẹ má gbàgbé físà Schengen, torí físà Britain kò wọ Switzerland. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tí wọ́n dá padà.

Bí inú bá ń dun Màmá lábẹ́ ìhà òsì, bí àyà bá fún wọn, tàbí bí ọ̀rọ̀ wọn bá dàrú, ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ wọ ọkọ̀ tó kàn sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má dúró ya fọ́tò tó kù. 144 ni nọ́ńbà áńbúláǹsì ní Switzerland. Ẹ sọ fún wọn pé AS ni wọ́n, torí dókítà òyìnbó ibẹ̀ lè má rántí béèrè.

Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ má gbàgbé ti ike omi yẹn, bó bá ti rún, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp yín, kí oníblood tonic wò ó.