Ṣé a lè ṣe pálọ̀ wa bíi ti àwọn ará Sweden n'Ìkòròdú, kó má dà bí ọsibítù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí wa. Èmi àti dádì ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé fúláàtì oníyàrá méjì kan ní Igbógbó. Pálọ̀ yẹn ò tóbi, fútù 12 sí 14 ni, fèrèsé rẹ̀ méjèèjì sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo àwọn ilé tí wọ́n ń pè ní Scandinavian lórí Instagram, ògiri funfun, pákó tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹrù ò kún ilé, ó wù mí gan-an ni. Ọkọ mi ní tí mo bá kun ilé ní funfun á dà bí ọsibítù, àti pé àwọn ìbejì wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta á ti fi kíréyọ́ọ̀nù bà á jẹ́ kí péǹtì tó gbẹ. Ìyá ọkọ mi tún wá fún wa ní àga lẹ́dà bíráòn ńlá, sẹ́fùn-sítà, mi ò sì tó bẹ́ẹ̀ láti ní kí wọ́n gbé e padà. Owó ọwọ́ wa náà ò pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? – Ìyá Ìbejì, Igbógbó

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire ilé tuntun o, ilé á tura, ẹ̀ẹ́ fi bí sí i, ìyẹn tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn dádì ìbejì, ẹ má bínú sí mi. Lọ́dún 2019 èmi fúnra mi kun pálọ̀ tèmi ní funfun báláú, oṣù kọkànlá ni, mo ya fótò ẹ̀, àwọn èèyàn ń kí mi, àfi ìgbà tí ọyẹ́ dé tí erùpẹ̀ pupa ojú títì wa tí ò ní ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kí oṣù kejì tó parí ògiri mi ti di àwọ̀ tíì onímílíìkì, ibi tí súwíìṣì wà sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Èmi tí mo ń fi iṣẹ́ yìí jẹun o! Tó bá wá di ọ̀sán, oòrùn á wọlé á lọ bá ògiri funfun yẹn, á máa ta padà sójú wa, ọjọ́ kan ni mo bọ́ síta tí mo bá ọkọ mi tó wọ dígí ojú oòrùn nínú pálọ̀ ara ẹ̀, ó lóun ń wo bọ́ọ̀lù.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni pé mi ò bi ara mi léèrè kí ló dé tí àwọn oní-nǹkan fi ń kun ilé wọn ní funfun. Denmark, Sweden àti Norway, àti Finland táwọn èèyàn sábà máa ń kà mọ́ wọn, òkè téńté ayé ni wọ́n wà. Nínú oṣù Disẹ́ńbà ní Stockholm, olú ìlú Sweden, oòrùn á tó yọ ó ti ń lọ sí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán ò sì ní bá a lójú sánmà, bíi wákàtí mẹ́fà péré ni gbogbo ẹ̀. Ẹ tún wá gòkè lọ sí Tromsø ní Norway, láti ìparí oṣù kọkànlá títí di àárín oṣù kìíní, oòrùn kì í yọ rárá. Ẹni tó ń gbé irú ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kíún tó bá ráyè wọlé, ó fẹ́ kó kan ògiri, kó kan àjà, kó tún padà wá kan tábìlì kó má ṣòfò, ìdí funfun nìyẹn. Àwa ńkọ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ wákàtí méjìlá géérégé lójoojúmọ́ láti Jánúárì dé Disẹ́ńbà ni oòrùn fi ń bá wa jà. Ìbòòji là ń wá, a ò wá ìmọ́lẹ̀.

Torí náà, lójú tèmi o, funfun yẹn ló kéré jù nínú gbogbo ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mú lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará Sweden ní ọ̀rọ̀ kan, lagom, tí kò ṣòro fún Yorùbá láti lóye, ìwọ̀nba ni. Ìwọ̀nba àga, ìwọ̀nba àwọ̀, ìwọ̀nba iná. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ mú.

Ẹ jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ péǹtì kíá. Ẹ sọ fún láńdọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ògiri. Ẹ ní kí wọ́n bá yín po àwọ̀ bíi ti ẹ̀kọ tútù, ó funfun lóòótọ́ ṣùgbọ́n kì í ta sójú, erùpẹ̀ kì í sì í tètè hàn lára ẹ̀. Láti ilẹ̀ dé ìbàdí àgbàlagbà, péǹtì satin ni kẹ́ ẹ fi kùn ún torí ó ṣe é fi kànrìnkàn àti omi ọṣẹ nù, emulsion olówó pọ́ọ́kú tẹ́ ẹ bá nù ún ńṣe ló máa ń bá kànrìnkàn lọ, ẹ lè wá lo emulsion lókè. Àjà nìkan ni kẹ́ ẹ kùn ní funfun báláú, ìbejì ò lè dé ibẹ̀. Fún fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, kọ́tìnnì ìpele méjì, èyí tó fẹ́lẹ́ nínú, èyí tó nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ máa fà tó bá ti di aago méjì ọ̀sán. Tẹ́rú tí wọn ò tíì fọ funfun dáa gan-an fún un, ó ní àwọ̀ tó yẹ, kò sì wọ́n tó èyí tí wọ́n ń tà bíi lílẹ́ẹ̀nì. Kẹ́ ẹ sì máa bá mi fọ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé yẹn jàre, erùpẹ̀ tó di ojú nẹ́ẹ̀tì ló ń dí atẹ́gùn lọ́nà, ọ̀pọ̀ èèyàn á máa bú fáànù.

Pákó wá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé dáadáa. Lọ́hùn-ún, birch, pine, ash àti beech ni wọ́n ń lò, gbogbo wọn ló láwọ̀ tó mọ́lẹ̀. Ẹ má wá wọn kiri o, afárá wà ńlẹ̀ yìí, arère náà wà, Agbowa níbi tí ìjọba kọ́ ọjà pákó sí fún àwọn onípákó Okobaba, ní Èbúté Mẹ́tta, ò sì jìnnà sí wa. Arère mọ́lẹ̀ ju afárá lọ, ó sì fúyẹ́, àmọ́ ó rọ̀, èékánná lásán lè há a, ikán sì fẹ́ràn ẹ̀ bí ọmọ ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Mo máa ń lò ó fún pẹpẹ ara ògiri tí ẹnikẹ́ni ò ní jókòó lé. Tó bá jẹ́ tábìlì tàbí àpótí ìjókòó, afárá ni kẹ́ ẹ rà, kó ti gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ògùn ikán pa á kí wọ́n tó kàn án.

Wàhálà ibẹ̀ ni kápẹ́ńtà. Kápẹ́ńtà wa dáńtọ́, mi ò bú wọn, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní pákó tó mọ́lẹ̀, ẹ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ti fi àwọ̀ mahogany kùn ún, á tún wá fi fáníìṣì dídán bò ó títí tẹ́ ẹ máa fi rí ojú yín nínú ẹ̀, á ní òun ń bá yín ṣe é kó dáa ni. Ẹ sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta pé ẹ ò fẹ́ àwọ̀ kankan, sánpépà kó jọ̀lọ̀, lẹ́yìn náà fáníìṣì olómi tí kì í dán. Fáníìṣì olóyìílì máa ń sọ pákó di yẹ́lò tó bá pẹ́ díẹ̀, tolómi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Denmark àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọṣẹ funfun tí wọ́n pò mọ́ omi ni wọ́n fi ń pa àga pákó wọn dípò fáníìṣì, wọ́n á máa tún un pa lóòrèkóòrè. (Ẹ má lọ fi ọṣẹ dúdú gbìyànjú ẹ̀ o, mo mọ̀ yín.)

Ẹ sì mọ nǹkan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín? Lára ohun tí wọ́n mọ̀ jù nínú gbogbo ọ̀nà ìṣelé yìí ni àpótí ìjókòó kan tí Alvar Aalto, ará Finland, ṣe lọ́dún 1933, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, pákó birch, tí wọ́n lè tò léra wọn gogoro. Àpótí ni o! Irú èyí tí màmá wa ń jókòó lé nídìí àdògán. Ti Aalto rí pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ lóòótọ́ torí ó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ pákó kọ́lọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni, kékeré, ó fúyẹ́, kò gba àyè. Ẹ ṣe mẹ́ta pẹ̀lú afárá, ẹ tò wọ́n síkọ̀rọ̀ kan, tí àlejò bá dé ẹ gbé e sílẹ̀, tí àlejò bá lọ ẹ fi gbé ìkòkò òdòdó. Òdòdó gidi o, ẹ kó ti ọ̀rá yẹn kúrò. Ojá ìkòokò (snake plant) dáa, ẹ bu ú nílé ẹnikẹ́ni, tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ méjì kò ní kú.

Àwọn fótò yẹn tún máa ń tẹ́ awọ àgùntàn onírun sórí àga. Ooru Igbógbó ni ẹ fẹ́ fi jókòó lé awọ àgùntàn? Ẹ fojú fo ìyẹn. Ẹní dáadáa kan nílẹ̀, pílò méjì tẹ́ ẹ fi aláwọ̀ sányán rán, ó tó.

Iná: ẹ yọ gílóòbù tó ń tàn bí iná sítédíọ̀mù yẹn láàárín àjà. Tẹ́ ẹ bá lọ rà, ẹ wo ara páálí, 6500K ni ẹ̀ẹ́ rí lára ọ̀pọ̀ wọn (nọ́ńbà tó ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni), ìyẹn ló ń sọ ilé di ọsibítù gan-an, kì í ṣe péǹtì. 3000K tàbí 2700K ni kẹ́ ẹ bèèrè, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bíi ti fìtílà. Ará Denmark kan wà, Poul Henningsen, inú ìmọ́lẹ̀ àtùpà elépo ló gbé dàgbà, nígbà tí iná mànàmáná wá dé, ó rí i pé ó ń ta sójú, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àtùpà tó ní abọ́ ìpele-ìpele tó ń bo gílóòbù, láti 1920s ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣì ń tà á dòní. Ẹ lè fi apẹ̀rẹ̀ ràfíà tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ ṣe tiyín lókè tábìlì, gílóòbù LED ni kó wà nínú ẹ̀ torí kì í gbóná jù, kó fi bíi fútù méjì ga ju orí tábìlì lọ, kẹ́ ẹ wá gbé iná kékeré méjì sí igun ilé. Kò ní jẹ inverter yín pàápàá.

Àga ìyá ọkọ yín, ẹ ò gbọdọ̀ lé e jáde, kì í ṣe nítorí ẹ̀rù nìkan. Lẹ́dà bíráòn ò sọ̀tá Scandinavian, àìmọye àga Denmark ló jẹ́ lẹ́dà bíráòn. Bó ṣe pọ̀ tó ni ò bá pálọ̀ fútù 14 mu. Ẹ fi èyí tó gba èèyàn mẹ́ta sí pálọ̀, ẹ fi onísítà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ kó ìyókù sí yàrá. Tí Màmá bá bèèrè, ẹ ní ẹ ò fẹ́ kí ìbejì fẹsẹ̀ tẹ ẹ́ ya ni, òótọ́ náà sì ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀ ẹ kó gbogbo ẹ̀ jáde, kí ló dé.

Owó tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ nísinsìnyí, gílóòbù ni kẹ́ ẹ fi rà kọ́kọ́, lẹ́yìn náà kọ́tìnnì. Péǹtì kó dúró kí ọyẹ́ kọjá. Ti kíréyọ́ọ̀nù, ẹ ní kí kápẹ́ńtà gé páláńkì kan, fútù mẹ́ta níbùú, mẹ́ta lóròó, kó fi péǹtì dúdú ti pátákó ìkọ̀wé kùn ún, kó kàn án mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbi tí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta máa tó, kẹ́ ẹ ra ṣọ́ọ̀kì fún Táíwò àti Kẹ́hìndé, kẹ́ ẹ sì gbé kíréyọ́ọ̀nù yẹn pamọ́ sókè àpótí aṣọ. Tó bá jẹ́ méjì lẹ ṣe, ìjà ò ní sí.