Iṣẹ́ gbígbé àwòrán ní gálárì: ya fọ́tò ẹ̀ kó o tó fọwọ́ kàn án

Àbúrò mi, o béèrè pé ṣé èèyàn lè rí iṣẹ́ àwọn tó ń gbé àwòrán ní gálárì ìjọba láìní digirí nínú iṣẹ́ ọnà, o sì ní kí ni wọ́n máa ń bi èèyàn níbi ìntáfíù. O lè rí i dáadáa. Nínú àwa tá a ti ṣe é, àwọn kan ti ṣe káfíńtà rí, àwọn kan ti wa ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn kan ń yàwòrán tiwọn nílé, owó oṣù ni wọ́n ń wá. Robert Ryman tó wá di ayàwòrán ńlá, ẹ̀ṣọ́ ni ní MoMA, musíọ̀mù iṣẹ́ ọnà òde òní ní New York, láti 1953 dé 1960, ẹnu iṣẹ́ yẹn ló wà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya tiẹ̀. Digirí kọ́ ni kó o máa bẹ̀rù. Ìwé inú iṣẹ́ gan-an ni kó o máa bẹ̀rù.

Tí èrò bá wọlé, ògiri funfun àti iná ni wọ́n máa rí, wọn ò ní rí wa. Rẹjísírà ló ń mójú tó ìwé, ibi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà, ẹni tó yá wa, inṣọ́ránsì tó wà lórí ẹ̀. Kọnsafétọ̀ ló ń yẹ ara àwòrán wò tó sì ń tún un ṣe. Àwa là ń dì í, tá à ń tú u, tá à ń gbé e. Tí àfihàn bá dùn, kúrétọ̀, ẹni tó ń ṣètò àfihàn, ló ṣe é, tí nǹkan bá bàjẹ́ báyìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ló gbé e.

Wọ́n yá wa ní àwòrán kan nígbà kan, orí pákó ni wọ́n kùn ún sí, kì í ṣe orí kánfáàsì. Pákó, bó ti wù kó pẹ́ tó, ó ṣì ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu, ó sì ń tú u jáde, tó bá fà á mu á wú, tó bá gbẹ á súnkì, ọ̀dà tó wà lórí ẹ̀ ò sì lè bá a ṣe gbogbo ìyẹn, ibẹ̀ ló ti máa ń ṣí kúrò. Ìdí nìyẹn tí àpótí tí wọ́n fi gbé àwòrán wá fi gbọ́dọ̀ wà ní dídé pa nínú ilé fún wákàtí 24 ó kéré tán kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i, kí ohun tó wà nínú ẹ̀ lè bá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dọ́gba díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí tí ò mọ̀ ọ́n. Àpótí yẹn dé lálẹ́, inú ọkọ̀ tutù gan-an, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí ọ̀gá kan fi sọ̀kalẹ̀ láti ọ́fíìsì òkè pé ká ṣí i kíákíá, àwọn oníròyìn ń bọ̀ wá ya fọ́tò. Mo ní ká dúró. Ó ní ògbógi kan tí wọ́n ń sanwó fún ti sọ pé kò séwu. Ògbógi yẹn ò sí nítòsí o, orí fóònù ló wà, kò rí àpótí, kò béèrè bí inú ọkọ̀ ṣe rí. Kọnsafétọ̀ wa wà ní ìsinmi. Mo tún un sọ, ọ̀gá ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni. A ṣí i.

A tú sukúrúù ìdérí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ká fóòmù kúrò, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ojú àwòrán ti gba ọ̀rinrin, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ bá a ṣe máa ń ṣe é, kí iná lè gba ojú ẹ̀ kọjá, ni mo bá rí i nísàlẹ̀ lápá òsì, ọ̀dà ti gbéra sókè bí ìpẹ́ ẹja, kò ju èékánná lọ. Gbogbo wa dákẹ́.

Ṣé ó ti wà níbẹ̀ kó tó kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín? Condition report, ìwé tó ń sọ bí ara àwòrán ṣe rí, tí wọ́n fi ránṣẹ́ kàn sọ pé ó wà dáadáa ni, kò sí fọ́tò igun yẹn. Ọ̀gá tó ní ká ṣí i, ẹnu ló fi sọ ọ́. Nígbà tí ìwádìí dé, ó ní òun kàn béèrè bóyá ó ṣeé ṣe ni. Wọ́n bi mí pé apá ibo ni mo dì mú, kí ló dé tí mi ò kọ̀, wọ́n tún bi mí, wọ́n pè mí síwájú àwọn èèyàn tí ò gbé férémù rí láyé wọn, wọ́n ń ka òfin sí mi létí. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan títí wọ́n á fi parí, mo kàn ń jókòó sí sítọ́ọ̀, mò ń ka nọ́ńbà ara ṣẹ́ẹ̀fù. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bẹ̀rù àtibá mi sọ̀rọ̀. Oorun ò kùn mí. Ohun tó yọ mí ni pé ọ̀kan nínú wa ti fi fóònù ya àpótí nígbà tó dé, sìlì tí wọ́n fi dí i ò tíì já, aago wà lára fọ́tò, a sì ní ìwé tí awakọ̀ buwọ́ lù, ó hàn gbangba pé wákàtí 24 ò pé. Nígbà tó yá àwọn tó ni àwòrán náà wú fọ́tò àtijọ́ kan jáde, ibẹ̀ ti ń ṣí tẹ́lẹ̀, ó kàn kéré ju bá a ṣe bá a lọ ni. Wọ́n dá mi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n má bínú, ọ̀gá yẹn ṣì wà lórí àga ẹ̀.

Torí náà, kí àpótí tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ya fọ́tò gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ya sìlì, ya àwọn sítíkà tó máa ń yí pupa tí wọ́n bá ti dojú àpótí dé tàbí tí wọ́n gbá a mọ́ nǹkan. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ya iwájú, ya ẹ̀yìn, ya igun kọ̀ọ̀kan, kọ aago síbẹ̀, kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá. Tí ọ̀gá bá fẹnu pàṣẹ ohun tí ò bá òfin mu, fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i lójú ẹsẹ̀ pé bẹ́ ẹ ṣe sọ láàárọ̀ yìí nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fèsì ká tó bẹ̀rẹ̀, kó o sì fi ẹ̀dà ẹ̀ ránṣẹ́ sí rẹjísírà. Ọ̀pọ̀ wọn á yí ohùn padà níbẹ̀ níbẹ̀.

Gbígbé e fúnra ẹ̀ ò le, ọwọ́ kan lábẹ́, ọwọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, má fi orí férémù gbé e, ìbọ̀wọ́ nitrile, irú rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ni kó o wọ̀, ti òwú máa ń yọ̀ lọ́wọ́, ó sì máa ń kọ́ ara férémù tí wọ́n fi wúrà bò. Wàá kọ́ ìyẹn kíá.

Ìwé míì tún rèé. Tó o bá gbé iṣẹ́ kan kúrò lára ògiri, lẹ ìwé pélébé mọ́ àyè ẹ̀, ẹni tó gbé e, ibi tó gbé e lọ, ọjọ́. Ní August 1911, Vincenzo Peruggia tó ti bá musíọ̀mù Louvre ní Paris ṣiṣẹ́ rí jí àwòrán Mona Lisa gbé lọ ní ọjọ́ Ajé tí wọn ò ṣílẹ̀kùn fún èrò. Àwọn tó rí àyè tó ṣófo rò pé àwọn ayafọ́tò ló gbé e, ó di ọjọ́ kejì kí ariwo tó sọ, 1913 ni wọ́n sì tó rí i gbà padà. Ká ní wọ́n ń lẹ ìwé pélébé nígbà náà ni, àyè tí ò ní ìwé yẹn ì bá ti fu ẹnì kan lára láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Kó o sì máa wo ẹ̀yìn àwòrán kó o tó gbé e kọ́, kó o lè mọ apá tó jẹ́ òkè. MoMA tí mo dárúkọ yẹn, wọ́n dorí iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Le Bateau tí Henri Matisse ṣe kodò ní 1961, ọjọ́ 47 ló fi wà bẹ́ẹ̀, ẹni tó wá wòran ló rí i, kì í ṣe ògbógi kankan.

Iná náà o. Iṣẹ́ orí bébà àti aṣọ, nǹkan bíi 50 lux, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀, la máa ń fún un, ọ̀dà òróró lè gba 200. Tí àlejò ńlá bá dé, wọ́n á ní ká tan gbogbo iná kí kámẹ́rà lè ríran. Má gbà fún wọn. Àwọ̀ tó bá ti ṣá, kò sí kọnsafétọ̀ tó lè dá a padà.

Ẹ̀ẹ́n, ìntáfíù. Wọn ò ní bi ọ́ ní ìtàn iṣẹ́ ọnà púpọ̀. Wọ́n lè gbé férémù òfìfo kan síwájú ẹ kí wọ́n ní kó o gbé e dé yàrá kejì. Yọ òrùka, yọ aago, ju okùn káàdì ọrùn sẹ́yìn. Béèrè ibi tó ń lọ, kọ́kọ́ lọ wo ọ̀nà, kí ẹnì kan di ilẹ̀kùn mú, kí ibi tó o máa gbé e lé ti wà ní sẹpẹ́. Yẹ férémù yẹn wò, tó o bá rí ibi tó sán, sọ ọ́ sí wọn létí kó o tó gbé e. Tí wọ́n bá wá bi ọ́ pé kí lo máa ṣe tí ọ̀gá bá ní kó o yára, sọ pé wàá béèrè lọ́wọ́ rẹjísírà, wàá sì dúró títí á fi fèsì.