Ó ń rẹ ọkọ̀ asáré oníná yìí ní ìyípo kẹrin: ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Mo fẹ́ ra ọkọ̀ asáré oníná kan tí ẹnì kan ti lò fún ọdún mẹ́rin. Wọ́n gbà mí láàyè láti wà á lójú pápá ìdíje. Ìyípo méjì àkọ́kọ́ dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Nígbà tó di ìyípo kẹrin, àmì kan yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù pé agbára ti dínkù, mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn títí, kò dá mi lóhùn mọ́. Ẹni tó ń tà á ní bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni, àbí bátìrì rẹ̀ ló ti ń kú lọ? Bákan náà, bí mo bá ń fi ọkọ̀ kan wé òmíràn, ṣé iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń ti orí òdo dé 100 km/h ni kí n máa wò?

ÌDÁHÙN

Ẹni tó ń ta ọkọ̀ náà kò purọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré oníná ló máa ń dín agbára ara wọn kù tí wọ́n bá ti sá eré àsápajúdé fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Kọ̀ǹpútà inú wọn ló ń ṣe é, kí nǹkan má baà jóná. Ṣùgbọ́n ìyípo kẹrin lè jẹ́ ohun tó yẹ ká retí lára ọkọ̀ kan, kó sì yá jù lára òmíràn. Ibi tí ooru ti ń wá àti ibi tó ń gbà jáde lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó lè dájọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìbéèrè kejì bẹ̀rẹ̀, torí òun ló máa jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ yé yín. Ẹ mú ọkọ̀ tó wọn 2,200 kg. Láti orí òdo dé 100 km/h, agbára tó wọ inú ìrìn rẹ̀ kò tó ìdámẹ́rin kWh kan (kWh ni wọ́n fi ń wọn iye iná tí bátìrì ń gbà), bẹ́ẹ̀ bátìrì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gba 80 sí 100 kWh. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó ti parí. Kí bàbà inú ẹ̀rọ iná tó gbóná dáadáa, ẹ ti gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ̀rọ iná sì tún ní ohun tí ẹ́ńjìnnì epo kò ní: látìgbà tí kò tíì yí rárá ló ti lè gbé gbogbo ipá rẹ̀ jáde, kò ní láti kọ́kọ́ gbé eré ara rẹ̀ sókè. Rimac Nevera tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Croatia ní ẹ̀rọ mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹsẹ̀ táyà kan, agbára gbogbo wọn sì tó ti ẹṣin 1,914. Lára irú ọkọ̀ báyẹn, táyà ló ń kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀.

Èyí kì í sì í ṣe nǹkan tuntun o. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kọjá 100 km/h láyé yìí, oníná ni. La Jamais Contente lorúkọ rẹ̀. Camille Jenatzy, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló wà á ní ilẹ̀ Faransé lóṣù kẹrin ọdún 1899, ó sì sá 105.88 km/h. Eré kúkúrú lójú ọ̀nà tó gùn gbọọrọ kò fìgbà kan jẹ́ ìṣòro ọkọ̀ oníná.

Nítorí náà, rárá, ẹ má fi 0 sí 100 yan ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ máa wà lójú pápá. Agbára méjì ni ọkọ̀ oníná ní. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sínú ìpolówó, tó lè gbé jáde fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Èkejì ni èyí tó lè gbé jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsinmi. Òfin àjọ UN kan tó ń jẹ́ R85 ló la bí wọ́n ṣe ń wọn èkejì yìí kalẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù sì ní kí ilé iṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí tó ń tẹ̀ lé ọkọ̀. Ẹ béèrè ìwé náà, kí ẹ wá iye yẹn níbẹ̀. Ẹnu lè yà yín, torí ó lè má tó ìdajì ohun tí wọ́n polówó. Àmọ́ kí ẹ má gbà á gbọ́ tán o: nínú yàrá ìdánwò ni wọ́n ti ń wọn ọ́n, iná láti ibòmíràn ni wọ́n sì ń fún ẹ̀rọ náà, kì í ṣe láti inú bátìrì ọkọ̀. Ti ẹ̀rọ iná àti inverter (ohun tó ń yí iná bátìrì padà sí irú èyí tí ẹ̀rọ iná ń lò) ló ń sọ fún yín. Bátìrì ṣì kù.

Ó wá ku ooru. Ní ti ẹ̀rọ iná, oríṣi méjì ló pọ̀. Oríṣi kan kò ní òòfà nínú. Iná tí ara òde ẹ̀rọ náà ń ru sókè nínú ọ̀pá tó ń yí láàárín ló ń yí i. Ọ̀pá yẹn gan-an ló máa ń gbóná, àárín gbùngbùn ló sì wà, níbi tí omi ìtutù tó yí ẹ̀rọ ká kò lè tètè dé. Irú rẹ̀ ni Tesla fi sínú Roadster rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2008, atẹ́gùn lásán ni wọ́n sì fi ń tu ẹ̀rọ náà lára. Oríṣi kejì ní òòfà neodymium (irú òòfà kan tó lágbára gan-an) lára ọ̀pá tó ń yí, ooru tó ń mú wá níbẹ̀ sì kéré. Ẹ̀rù tiẹ̀ yàtọ̀: bí òòfà bá gbóná kọjá ààlà, ipá rẹ̀ á dínkù, kò sì ní padà bọ̀ sípò bó bá tutù. Àwọn tó mọṣẹ́ dáadáa ti ń da òróró sára wáyà bàbà fúnra rẹ̀ báyìí, wọ́n sì ń gbà á kọjá nínú ọ̀pá àárín, kí òtútù lè dé ibi tí ooru ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ń wá ọkọ̀ rà, ẹ ó gbọ́ “volt 800” títí etí yín á fi kún. Ìlọ́po méjì ìṣàn iná nínú wáyà kan máa ń mú ìlọ́po mẹ́rin ooru wá. Bí wọ́n bá sì gbé volt láti 400 sí 800, ìdajì ìṣàn iná ló tó láti gbé agbára kan náà, wáyà lè tín-ínrín, ṣáàjì sì lè yára. Porsche Taycan tó jáde ní 2019 ló kọ́kọ́ mú un wọ inú ọkọ̀ tí wọ́n ń tà fún gbogbo ènìyàn. Ohun tí àwọn òǹtajà kì í sọ ni pé sẹ́ẹ̀lì inú bátìrì (àwọn bátìrì kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀ di ńlá) kò mọ̀ bóyá volt 400 ni tàbí 800. Ọ̀nà tí wọ́n gbà to àwọn sẹ́ẹ̀lì náà mọ́ra ló yàtọ̀. Bí agbára tí ẹ gbà lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá jẹ́ bákan náà, bákan náà ni ooru tí wọ́n á mú wá. Ẹ má san owó kún owó nítorí volt 800 nìkan bí ojú pápá lẹ ní lọ́kàn.

Ní tèmi, bátìrì ló máa ń ṣòro jù, bíréèkì ló sì ń dá kún un. Ọkọ̀ oníná kì í fi gbogbo eré rẹ̀ ṣòfò sórí páàdì bíréèkì. Ẹ̀rọ iná á sọ ara rẹ̀ di jẹnẹrétọ̀, á sì dá iná padà sínú bátìrì. Èyí dára lójú títì. Lójú pápá, ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọkọ̀ 2,200 kg tó ń sá 200 km/h ru nǹkan bíi 0.94 kWh dání, ẹ sì fẹ́ dá a dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ẹ tó yà sí kọ́nà. Ìyẹn pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin ju ti 0 sí 100 tí gbogbo ayé ń pariwo lọ. Bátìrì ń gbóná nígbà tí ẹ tẹná, ó tún ń gbóná nígbà tí ẹ tẹ bíréèkì. Kò ní ìgbà ìsinmi rárá nínú ìyípo kan. Bí ooru inú rẹ̀ bá ti ń sún mọ́ dígírì 60, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìjánu, torí láti ibẹ̀ lọ ni ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì ti ń kúrú kíákíá.

Ilé iṣẹ́ tó bá fọkàn sí i lè borí rẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Kí Taycan tó jáde, Porsche mú un lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú kan ní Jámánì, wọ́n ti orí òdo sáré dé 200 km/h léraléra nígbà 26, ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó yá jù àti èyí tó pẹ́ jù kò sì tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú ìdánwò yẹn ni mo máa ń bọ̀wọ̀ fún. Hyundai náà gba ọ̀nà mìíràn lára ọkọ̀ oníná rẹ̀ tó ń jẹ́ Ioniq 5 N: kí awakọ̀ tó wọ pápá, ó lè yan bóyá eré kúkúrú lójú ọ̀nà gbọọrọ ló fẹ́ sá tàbí ìyípo lórí ìyípo. Fún ti àkọ́kọ́, ọkọ̀ á mú bátìrì móoru, torí sẹ́ẹ̀lì tó tutù kì í lè gbé gbogbo agbára rẹ̀ jáde; fún ti èkejì, á mú un tutù sí i, kí ààyè lè wà fún ooru tó ń bọ̀. Ọkọ̀ yìí kan náà ló ń dún bí ẹ́ńjìnnì epo tó sì ń ṣe bí ẹni pé ó ń yí jíà. Àwọn kan ń fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀. Èmi rí i pé ó wúlò: etí awakọ̀ ló ń fi mọ eré tó ń sá, kò ní láti gbójú kúrò lọ́nà.

Ẹ lè ní kí wọ́n kúkú fi bátìrì ńlá sí i. Ìwọ̀n ni kò jẹ́. Lítà epo bẹntiróòlù ń jó tán bí ọkọ̀ ṣe ń sáré. Bátìrì tó ti ṣófo ṣì wúwo bí ìgbà tó kún. Volkswagen ID.R tó fi ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yí pápá ìdíje Nürburgring ní Jámánì po ní 2019 kò tó 1,100 kg pẹ̀lú awakọ̀ nínú rẹ̀, torí ọkọ̀ ìdíje tí wọ́n kàn ṣe láti sá ìyípo kan ni. Ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ máa wà lọ síbi iṣẹ́ kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n gbé bátìrì sí náà ṣe pàtàkì. Bó bá wà nísàlẹ̀ gbogbo ọkọ̀, ìwúwo á wà nílẹ̀, ọkọ̀ kò ní máa fì ní kọ́nà, àmọ́ ìjókòó á ga. Ìdí nìyẹn tí Porsche fi gbẹ́ kòtò sínú bátìrì Taycan, kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn lè rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí. Lotus kó bátìrì ọkọ̀ asáré rẹ̀, Evija, sẹ́yìn ìjókòó, kí awakọ̀ lè jókòó sílẹ̀ pátápátá.

Ẹ wá jẹ́ ká yẹ ọkọ̀ tiyín wò. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ mọ̀ ni iye ìdá ọgọ́rùn-ún bátìrì tó kù nígbà tí àmì yẹn yọ. Bí kò bá ju nǹkan bí ọgbọ̀n lọ, ó ṣeé ṣe kó máà jẹ́ ooru rárá: bí bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀, volt rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, agbára sì ń bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà tutù pátápátá, kí ẹ ṣáàjì rẹ̀ dé nǹkan bí 90 (bó bá kún dé 100, kò ní gba iná bíréèkì padà dáadáa, ìdánwò yín á sì dàrú), kí ẹ yan ipò tí wọ́n ṣe fún pápá lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ tún un wà. Bí ẹ bá rí ẹlòmíì tó ní irú ọkọ̀ náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wà á lọ́jọ́ kan náà, ní pápá kan náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná ní ìbòjú kan níbi ihò atẹ́gùn, tó ń pa dé kí atẹ́gùn má baà fa ọkọ̀ sẹ́yìn, tó sì ń ṣí nígbà tí ooru bá pọ̀. Mo ti rí èyí tó há ní pípadé, tí ẹni tó ni ọkọ̀ ti ń wá owó bátìrì kiri. Ẹ yọjú wo rédíétọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀: èérún táyà láti ojú pápá máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ewé gbígbẹ náà sì ń há síbẹ̀. Ẹ wo omi ìtutù nínú ike rẹ̀ bóyá ó ti dínkù. Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ wo irin bíréèkì ẹ̀yìn náà. Bó bá ti dípẹtà, kò túmọ̀ sí pé wọ́n pa ọkọ̀ náà tì. Ẹ̀rọ iná ló ń bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe kí ẹ tó padà sí pápá.

Èyí tó kù nílò mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó tì yín, kó máa wo ooru àti volt sẹ́ẹ̀lì bí ẹ ti ń tẹná mọ́ ọn. Bí gbogbo sẹ́ẹ̀lì bá jọ ń gbóná pọ̀, tí volt wọn sì jọ ń sọ̀kalẹ̀ pọ̀, bátìrì náà dá pé, bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà nìyẹn tàbí kí ìtutù rẹ̀ nílò àtúnṣe. Bí apá kan bá gbóná ju ìyókù lọ, ẹ fura sí pọ́ńpù tàbí ibi tí omi kò ti kọjá, kí ẹ fi ná owó ọkọ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí volt àwọn sẹ́ẹ̀lì kan bá ń já wálẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹná, àwọn yẹn ti ń kú, àwọn ló sì ń fà gbogbo bátìrì sẹ́yìn. Bí ìwé ẹ̀rí ilé iṣẹ́ lórí bátìrì (wáráńtì) kò bá tíì tán, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ín lọ gba àtúnṣe kó tó tà á. Bó bá ti tán, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún un.