Èsì: Ṣé wọ́n ní kò sí àṣà tó burú ni?

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní bí àwọn onímọ̀ àṣà bá ní ká má fi àṣà tiwa díwọ̀n ti ẹlòmíràn, ṣé wọn ò ti gbà pé kò sí àṣà tó burú nìyẹn? Rárá o. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí àṣà náà kọ́kọ́ yé wa ná, ká tó dá a lẹ́jọ́.

Ẹ wo Franz Boas, onímọ̀ àṣà, ọmọ Jámánì tó lọ bá àwọn Inuit, ìyẹn àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, gbé ní Baffin Island, ní Kánádà, ní 1883. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sọ pé èdè àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà kò gún, pé wọ́n á pe ọ̀rọ̀ kan báyìí lónìí, wọ́n á pè é bámìíràn lọ́la. Ní 1889, Boas kọ̀wé pé etí olùgbọ́ ló níṣòro. Ó yẹ àkọsílẹ̀ tiẹ̀ gan-an wò, ó rí i pé òun ti kọ ọ̀rọ̀ kan náà lóríṣiríṣi, torí ìró rẹ̀ ṣàjèjì sí òun. Ẹ pe ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ fún òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀kan ṣoṣo ló máa gbọ́. Ṣé ká wá ní Yorùbá ò gún ni?

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nìyẹn: kéèyàn kọ́kọ́ fura sí etí ara rẹ̀. Ìdájọ́ ṣì wà níbẹ̀ o. Boas bẹnu àtẹ́ lu ẹlẹ́yàmẹ̀yà títí ó fi kú ní 1942, àwọn Násì, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler ní Jámánì, sì dáná sun ìwé rẹ̀ ní 1933.