Ẹ má fi kóòdù yẹn ránṣẹ́, ẹ má sì tíì yọ WhatsApp kúrò

Ohun méjì ni ẹ béèrè. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ kì í wọlé sórí WhatsApp yín àfi tí ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣí i, ẹnì kan sì ti ní kí ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tún un gbé sórí fóònù. Èkejì, tí ẹ kàn fi kún un nísàlẹ̀ bí ẹni pé kò tó nǹkan, ni pé ọ̀rẹ́ yín kan ní òun ṣèèṣì fi kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ bá òun dà á kọ padà. Ti ìsàlẹ̀ yẹn ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ni iná ń jó lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ránṣẹ́.

Ó ti ṣe mí rí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan. Fọ́tò rẹ̀ ni mo rí, orúkọ rẹ̀ ni, gbogbo ohun tí a ti jọ sọ láti ọjọ́ pípẹ́ sì wà lókè ọ̀rọ̀ náà. Ó kí mi, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó wá ní òun ń gbìyànjú láti ṣí nǹkan kan, òun sì ṣèèṣì kọ nọ́ńbà tèmi, kí n jọ̀ọ́ bá òun da kóòdù tó máa wọlé kọ, kí n ṣe é kíá kó tó di pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kóòdù náà sì wọlé lóòótọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú tẹ́ẹ̀sì yẹn kedere pé kí n má fi han ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n nọ́ńbà mẹ́fà yẹn nìkan ni ojú mi wò. Mo dà á kọ, mo fi ránṣẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí WhatsApp fi lé mi jáde, ó ní wọ́n ti fi nọ́ńbà mi forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù mìíràn.

Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti gba àkáǹtì tirẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀tàn kan náà ni wọ́n fi gbà á, inú gúrúùpù tí àwa méjèèjì wà ni wọ́n sì ti rí nọ́ńbà mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni náà ti ń fi orúkọ mi yá owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn mi. Ẹni méjì fi owó ránṣẹ́. Èyí tó ń dùn mí títí di òní ni ti ẹnì kejì. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ fi pè mí láti béèrè bóyá owó ti wọlé, ojú tì mí, mo ní kí n kọ́kọ́ tún un ṣe ná kí n tó sọ fún àwọn yòókù. Láàárín àkókò tí ojú fi ń tì mí yẹn ni ẹnì kejì san tirẹ̀, kì í sì í ṣe ẹni tó ní owó tó pọ̀. Ká ní mo ti ké gbàjarè lójú ẹsẹ̀ ni, kì bá má san án.

Kóòdù yẹn ni ẹ̀rí tí WhatsApp máa ń gbà pé ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀ ló ni nọ́ńbà náà. Tí ó bá wọlé láìjẹ́ pé ẹ béèrè fún un, ẹnì kan ló ń kan ilẹ̀kùn yín, tàbí kó jẹ́ pé ẹlòmíràn ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Èyíówù kó jẹ́, kò sí ohun tí ẹni náà fẹ́ fi kóòdù yín ṣe tó máa ṣe yín láǹfààní. Kíkàn tó ń kan ilẹ̀kùn kò ní kí ó wọlé, ẹ̀yin lẹ máa ṣí i fún un. Ẹ pe ọ̀rẹ́ yín lórí ìlà fóònù gan-an, ẹ má pè é lórí WhatsApp, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ má tíì mọ̀ pé wọ́n ti gba àkáǹtì òun.

Tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́ kí ẹ tó ka èyí, ẹ má jókòó bí èmi ṣe jókòó fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ ṣí WhatsApp, ẹ kọ nọ́ńbà yín, ẹ béèrè kóòdù tuntun, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ẹni yẹn já bọ́, torí pé fóònù kan ṣoṣo ló lè jẹ́ olórí fún nọ́ńbà kan. Ó lè béèrè PIN tí ẹ kò mọ̀. Olè náà ló fi síbẹ̀, bó ṣe ṣe fún èmi náà nìyẹn. Ẹ máa dúró fún ọjọ́ 7 kí ẹ tó lè wọlé láìsí PIN náà, ṣùgbọ́n òun náà kò sí nínú ilé mọ́ ní gbogbo ọjọ́ 7 yẹn. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀ ni pé kò rí àwọn ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá mi kà, nítorí inú fóònù tèmi ni wọ́n wà. Àwọn gúrúùpù mi àti ọ̀rọ̀ tuntun tó ń wọlé ló rí. Kí ẹ sì fi tẹ́ẹ̀sì tàbí ìpè sọ fún gbogbo ènìyàn lójú ẹsẹ̀, bí ojú bá tilẹ̀ ń tì yín.

Lẹ́yìn náà, kí olè tó fi PIN tirẹ̀ síbẹ̀, ẹ fi tiyín síbẹ̀. Ẹ lọ sí Settings inú WhatsApp, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, ẹ yan nọ́ńbà mẹ́fà tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni, ẹ sì fi ímeèlì yín sí i kí ọ̀nà àbáyọ lè wà tí ẹ bá gbàgbé. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tó bá tilẹ̀ rí kóòdù gbà ṣì máa bá ilẹ̀kùn kejì pàdé. Telegram, tí òun náà jẹ́ áàpù tí wọ́n fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ní irú rẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ti Signal, áàpù mìíràn bẹ́ẹ̀, ń jẹ́ Registration Lock.

Ẹ tún wo Linked devices. Ẹ̀rọ mẹ́rin ni WhatsApp gbà kí ẹ so mọ́ fóònù yín, ẹni tó bá sì gba fóònù yín fún ìṣẹ́jú kan péré lè so tirẹ̀ mọ́ ọn kó máa ka ọ̀rọ̀ yín láìsí ariwo. Èmi bá kọ̀ǹpútà kan níbẹ̀ tí mo lò níta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, ó ṣì ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ lé e jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá sì pè yín pé kí ẹ tẹ nọ́ńbà kan tó ní ìràwọ̀ níwájú, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ kí ìpè yín máa yà lọ sọ́dọ̀ òun, torí pé WhatsApp lè fi ohùn ka kóòdù lórí ìpè.

Ó kan ti ọ̀rọ̀ tí kì í tètè wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin nìkan ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, WhatsApp, Facebook àti Instagram kú papọ̀ káàkiri ayé fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe lórí fóònù ara rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àfi kó dúró. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan.

Tí tiyín kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín nígbà tí WhatsApp wà ní pípa, kó sì wo ààmì rẹ̀. Ààmì kan túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ òun ṣùgbọ́n kò tíì dé fóònù yín. Méjì túmọ̀ sí pé ó ti dé. Tí ó bá dúró lórí ẹyọ kan títí ẹ fi ṣí WhatsApp, a jẹ́ pé fóònù yín ló ń mú un sùn. Láti Android 6 ní ọdún 2015 ni wọ́n ti fi ètò síbẹ̀ tó ń mú áàpù sùn nígbà tí fóònù bá jókòó láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, kí bátìrì lè pẹ́. Àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe fóònù wá fi tiwọn kún un, tiwọn sì le ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú Settings fóònù, ẹ wá Apps, ẹ tẹ WhatsApp, ẹ tẹ Battery, ẹ yan Unrestricted. Ní abẹ́ Mobile data níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí Background data wà ní ṣíṣí. Tí ẹ bá ní àṣà títẹ Force stop láti fi dín ìnira fóònù kù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi sílẹ̀: áàpù tí ẹ bá dá dúró báyẹn kì í gba ohunkóhun àfi tí ẹ bá tún ṣí i.

Ẹ wo déètì àti aago fóònù náà. Èyí dàbí ohun tí kò jọ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó dá mi lóró fún ọjọ́ kan gbáko lẹ́yìn tí bátìrì mi kú tán pátápátá tí déètì sì padà sẹ́yìn. Kí fóònù tó bá kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ WhatsApp sọ̀rọ̀, ó máa ń yẹ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wò, ìwé ẹ̀rí náà sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Tí ọjọ́ fóònù yín bá bọ́ síta àárín méjèèjì, kò ní gbà á. Ẹ jẹ́ kí fóònù máa mú aago fúnra rẹ̀. Tí ààyè inú fóònù bá ti kún, ẹ pa fídíò díẹ̀ rẹ́.

Kí ẹ sì gba àtúnṣe tuntun láti ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù lọ́nà ẹ̀tọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n rí ihò kan nínú WhatsApp tó jẹ́ pé ìpè lásán, tí ẹni tí wọ́n pè kò tilẹ̀ gbé, ló ń gbé ètò amí wọ inú fóònù. Nǹkan bíi 1,400 ẹ̀rọ ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ. Àtúnṣe tuntun ni wọ́n fi dí ihò náà. Ẹ̀dà tí àwọn ẹlòmíràn tún tò fúnra wọn, irú GBWhatsApp, ẹ má gbé e sórí fóònù yín: a kò mọ ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀, WhatsApp sì máa ń dá àkáǹtì tó ń lò ó dúró.

Ní ti yíyọ kúrò tí wọ́n gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀, èmi ṣe é. Ọ̀rọ̀ ń pẹ́ wọlé, mo yọ WhatsApp, mo tún un gbé sí i, mo rò pé gbogbo nǹkan máa padà fúnra wọn. Kò padà. Mi ò fi ẹ̀dà kankan pamọ́ rí. Ohùn bàbá mi tó ti kú wà nínú rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó máa ń gbà sílẹ̀ fún mi láàárọ̀, kò sì sí níbòmíràn. Ọ̀rọ̀ ò yéé pẹ́ wọlé síbẹ̀, nítorí bátìrì ló ń fa wàhálà náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ lọ sí Settings inú WhatsApp, ẹ tẹ Chats, ẹ tẹ Chat backup, kí ẹ ka ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Tí kì í bá ṣe ti òní, ẹ tẹ Back up kí ẹ dúró kó parí. Láti ọdún 2021, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti ẹ̀dà náà pa, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, WhatsApp kò lè bá yín ṣí i, nítorí náà ẹ kọ ọ́ síbi tó pamọ́. Telegram yàtọ̀: àwọn ọ̀rọ̀ ibẹ̀ wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà, ẹ máa bá wọn tí ẹ bá padà wọlé, àyàfi ti Secret Chat tó jẹ́ pé inú ẹ̀rọ yín nìkan ló wà. Secret Chat yẹn nìkan náà ni wọ́n dì ní àdìtú láàárín ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, ẹ fi í sọ́kàn tí ọ̀rọ̀ àṣírí bá wà láti sọ.

Ẹ pe ọ̀rẹ́ yín náà. Tí ọ̀rọ̀ bá ṣì ń pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí Battery àti Background data, ẹ kọ irú fóònù tí ẹ ń lò àti Android tó wà lórí rẹ̀ wá, mo máa bá yín wá ibi tí wọ́n fi ètò tiwọn sí. Ẹ má kọ nọ́ńbà yín mọ́ ọn.